Ìwé tí Wọn Ò Ya Inú Sí

Kèrè, Ìdáàṣà
Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje

Carine ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lówùúrọ̀, mo ní o káàárọ̀. Bó bá bá ọ lọ́sàn-án, o káàsán. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ alẹ́ ni wọ́n mú un dé, jọ̀wọ́ fi í sábẹ́ ìrọ̀rí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, nítorí kì í ṣe ìwé tí èèyàn ń kà tí oorun fi ń wá. Kú iṣẹ́ o, kú àárẹ̀, kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run tó fi òkè yí Ìdáàṣà ká, òun náà ni yóò yí ọ ká ní Kútọnu níbẹ̀ yẹn, níbi tí kò sí òkè kankan tí èèyàn lè sá sẹ́yìn rẹ̀. Àmín.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ti lè rìn dé ìdí igi kajú kó sì padà láìjókòó. Òjò rọ̀ lọ́dún yìí, ẹ̀gúsí ti ń fà, iṣu ti ń gun ọ̀pá, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tó ní àmì funfun níwájú orí ti kú, oyún ló pa á, a ò rí òun, a ò rí ọmọ. Èmi ṣì wà lẹ́bàá títì níbi tí àwa obìnrin ti ń fọ́ òkúta fún àwọn tó ń kọ́lé. Èjìká ń ro mí, eruku òkúta ń ta mí lójú, ṣùgbọ́n a ò lè bu òkè jẹ, àfi ká fọ́ ọ kó tó di oúnjẹ.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi sínú tẹlifóònù, èyí tí wọ́n ń pè ní fokáàlì. Màá sọ òótọ́ fún ọ, mo bínú sí ọ fún ọjọ́ méjì gbáko. Mo gbọ́ tí o ní màmá ẹ kú iṣẹ́, mo ní òo ọmọ mi, ṣé àlàáfíà lo wà, o ò dá mi lóhùn, o kàn ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ, mo ní Carine, mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ o, o tún gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo sọ fún bàbá rẹ pé Kútọnu ti ba ọmọ yìí jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Màdáàmù Odile, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ló wá là mí lóye pé kì í ṣe ìwọ fúnra rẹ lo wà níbẹ̀, pé ohùn tí o ti sọ sílẹ̀ ni, tí wọ́n tọ́jú pamọ́ bí ẹni sá ilá, tí èèyàn lè rẹ sómi nígbàkígbà tó bá wù ú. Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, mi ò lè sá a bí ilá, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíìkì ìkọ̀wé tí wọ́n fún mi níbi tí àwa àgbà ti ń kọ́ ìwé, tí mo sì ń kọ ọ́ fúnra mi. Bí o bá rí àṣìṣe, fojú fò ó.

Màdáàmù Odile yìí náà ló fún mi ní físì, ìwé tí a ń kọ ọ̀rọ̀ kún, láti forúkọ Rachelle ọmọ rẹ sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù kẹsàn-án. Wọ́n béèrè ẹni tí wọn ó kọ́kọ́ ké sí bí nǹkan bá ṣe ọmọ náà. Mo kọ Màríà Mímọ́ ti Arigbo. Ó ní rárá, ìyá, ẹni tó ní tẹlifóònù ni wọ́n ń wí. Mo ní ẹni tí èmi máa ń kọ́kọ́ ké sí nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kò sì béèrè kírẹ́dì lọ́wọ́ mi rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó pa á rẹ́. Nígbà tí a wá dé ibi tí wọ́n ti béèrè bàbá ọmọ, mo ṣe bí o ṣe ní kí gbogbo wa ṣe. Mo ní ó wà ní Gàbọ́ọ̀n. Màdáàmù Odile gbé ojú sókè wò mí. Ó mọ̀. Gbogbo Kèrè ló mọ̀ pé Armel ọkọ rẹ ti kú láti oṣù kẹta, pé Gbaffo ni wọ́n sin ín sí, lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀. Ó kọ Gàbọ́ọ̀n bí mo ṣe wí, ó kọ ọ́ rọra, ojú sì tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ oko olóko.

Mi ò dá ọ lẹ́bi. Ọjọ́ tí kámíọ̀n, ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì, gbá Armel lórí alùpùpù rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an lo gbé Rachelle sínú ọkọ̀ Ràsáàkì awakọ̀, pẹ̀lú bàgì kan àti sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, èkejì ti sọnù. O pè wá, o ní a kò gbọdọ̀ sọ fún un títí yóò fi dàgbà, pé kí a ní bàbá rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Gàbọ́ọ̀n. O ń sunkún débi pé mi ò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, a kì í bá a jiyàn. Mo ní ó dáa.

Ṣùgbọ́n èmi náà parọ́ fún ọ, Carine. Gbogbo ìgbà tí o bá béèrè ọmọ, mo máa ń ní ó wà dáadáa, ó ń jẹun, ó ń ṣeré. Ó ń jẹun lóòótọ́. Kò ṣeré rí. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ bí ẹyẹ ẹ̀ga, láti ọjọ́ tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Ràsáàkì, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Bí o bá bi í léèrè, yóò mi orí. Kò sunkún, kò fọ́ àwo, kò bá ọmọ ẹnikẹ́ni jà. Yóò gbálẹ̀ láìjẹ́ pé a rán an. Yóò tẹ̀ lé mi lọ sídìí òkúta, yóò jókòó lábẹ́ àtíbàbà màrìwò, yóò máa ṣa òkúta wẹ́wẹ́ jọ fún mi, ọmọ ọdún márùn-ún. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ń yìn ín, wọ́n ní ẹ wo ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Wọn ò mọ̀ pé ó ń tọ̀ sórí ẹní, pé mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a níbi ìkòkò omi, tó ń fọ ẹní náà fúnra rẹ̀ kí n tó rí i. Nígbà tó rí mi, ó kúnlẹ̀. Carine, ta ló kọ́ ọ láti kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Bàbá rẹ ní ọmọdé máa ń gbàgbé, pé kí n fi í sílẹ̀. Mo gbé e lọ sí ihò àpáta Màríà ní Arigbo, mo tan àbẹ́là, mo fi omi ibẹ̀ fọ ẹnu rẹ̀. Ó gbà kí n fọ̀ ọ́, ó tilẹ̀ la ẹnu fún mi. Ó dákẹ́ bọ̀ wálé.

Ìgbà náà ni Ràsáàkì gbé ìwé àwòrán rẹ dé, tí o wé mọ́ ṣúgà àti ọṣẹ. Mo gbọ́ ohun tí o ní kó sọ, pé dókítà kan wà ní kílíníìkì tí o ti ń gbálẹ̀, èyí tí kì í gúnni lábẹ́rẹ́ tó kàn máa ń béèrè ọ̀rọ̀, pé òun ló ní ìwé àwòrán báyìí dára fún ọmọ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí. Dókítà tó ń gba owó láti béèrè ọ̀rọ̀, àwa ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ níhìn-ín tí wọn ò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n mo tú u. Ojú ewé rẹ̀ le bíi pátákó. Ọmọ kan ló wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, orí rẹ̀ nìkan, mẹ́wàá ni wọ́n, ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo sì wà nísàlẹ̀. Mo ní háà, àwọn ọmọ tó sọnù nìyí, bí irú èyí tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ìjọ. Mo lọ bá Màdáàmù Odile, mo béèrè bóyá wọ́n ti rí èyíkéyìí nínú wọn, pàápàá ọmọbìnrin ojú ewé kẹta, nítorí ó ti ń sunkún láti Kútọnu, ìyá rẹ̀ yóò sì ti máa dààmú.

Ó ní kò sí èyí tó sọnù. Ó ní bí inú ọmọ ṣe máa ń rí ni wọ́n yà yẹn. Mo ní kí ló wá dé tí wọn ò ya inú? Bí a bá bínú, inú ni. Bí inú bá dùn, inú ni. Bí inú bá bàjẹ́, inú náà ni. Ìtìjú nìkan ló wà lójú. Ẹni tó ṣe ìwé ya ojú mẹ́wàá, kò ya inú kan ṣoṣo. Màdáàmù Odile wò mí títí, ó ní òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ọmọdé kò lè rí inú ara rẹ̀, ojú ló lè rí, kí n máa ṣí ìwé náà fún un kí n sì béèrè èwo ló jọ inú rẹ̀ lónìí, kí n má fi agbára mú un. Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fún mi, mo kọ wọ́n sílẹ̀. Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀mélòó lójúmọ́, ṣé ṣáájú oúnjẹ ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ní bó bá ṣe wù mí. Èmi fi í sí ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀ àti ẹ̀ẹ̀kan nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí oògùn tí kò bá ní òǹkà máa ń ṣe èèyàn níbi.

Bàbá rẹ kọ́kọ́ fi wá ṣẹ̀sín. Lẹ́yìn náà ó gba ìwé náà, ó ń ṣí i, ó dé ojú ewé kan tí ọmọ náà kò sunkún, tí kò rẹ́rìn-ín, tí ẹnu rẹ̀ kàn pa dé. Ó wò ó títí, ó ní Carine rèé lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó dá ìwé padà fún mi, ó jáde lọ sídìí kajú, kò sì padà kí ọbẹ̀ tó tutù.

Ọjọ́ méje ni mo fi lo ìwé náà fún Rachelle, tí kò na ìka. Mo ń ṣí i, mo ń pe orúkọ: èyí ẹ̀rù ń bà á, èyí ó ń jowú, èyí inú rẹ̀ dùn. Ó ń wò ó bí ẹni ń wo ojú omi. Ní ọjọ́ kẹjọ, a wà lábẹ́ àtíbàbà, mo ti fọ́ agbọ̀n kan, mo nu ọwọ́, mo ṣí i. Mo rò pé bó bá nàka rárá, ẹkún ni yóò nà án sí. Ó ṣí i kọjá ẹkún. Ó ṣí i dé orí ọmọkùnrin tó dorí kodò, tó dijú, èyí tí Màdáàmù Odile pè ní ìtìjú. Ó fi ìka lé e. Ó sì sọ̀rọ̀, Carine. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní, ìyá àgbà, èmi nìyí.

Mi ò mira. Mo ní kí ló dé tí ojú fi ń tì ọ́, ọkọ mi. Ó ní òun ló ju tẹlifóònù pápá sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Ó ní pápá pariwo mọ́ òun, ó ní ọmọ burúkú ni òun, ó gun alùpùpù ó sì jáde, ìgbà tó lọ sí Gàbọ́ọ̀n nìyẹn, kò sì ní ó dìgbóṣe. Ó ní òun ti pinnu pé bí òun kò bá pariwo mọ́, bí òun kò bá ba nǹkan jẹ́ mọ́, ẹnìkan yóò sọ fún un ní Gàbọ́ọ̀n, yóò sì padà. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọjọ́ tí òun ti fi dákẹ́ ti tó.

Oṣù mẹ́rin, Carine. Ohun tó ń fi oṣù mẹ́rin san nìyẹn, àwa sì ń yìn ín.

Mo mọ ohun tí o ní kí n sọ. Ó wà lẹ́nu mi. Bí mo bá ní Gàbọ́ọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ náà yóò padà sínú ìdákẹ́ rẹ̀ láti máa dúró, mi ò sì mọ̀ bóyá yóò tún jáde. Mo fi òòlù sílẹ̀. Mo gbé e sórí ẹsẹ̀. Mo ní, Rachelle, pápá kò lọ sí Gàbọ́ọ̀n, irọ́ ni a pa fún ọ. Pápá kú. Kámíọ̀n ló gbá a lójú títì. Kì í ṣe nítorí tẹlifóònù, tẹlifóònù kì í pa èèyàn, bó o bá fọ́ ọgọ́rùn-ún, pápá kò ní torí ẹ̀ kú. Ó ní ṣé kú bíi ti ewúrẹ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé kò ní dìde? Mo ní kò ní dìde.

Ó kọ́kọ́ nà mí. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kéékèèké nà mí láyà, mo jẹ́ kó nà mí. Ẹkún wá dé. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu ọmọdé. Gbogbo òòlù ẹ̀gbẹ́ títì dákẹ́, àwọn obìnrin dìde dúró, ọ̀kan fẹ́ wá rẹ̀ ẹ́, mo mi orí fún un. Ó sunkún títí òjìji fi yí padà lábẹ́ àtíbàbà, bàbá rẹ sì gbọ́ ọ láti ilé, ó fi ẹsẹ̀ tó wú yẹn rìn wá, ó jókòó sílẹ̀ nínú eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Òun ló gbé e wálé. Kò tọ̀ sórí ẹní lóru ọjọ́ náà. Ó tọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì, mi ò ní parọ́ fún ọ mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, a ní kí Ràsáàkì gbé wa lọ sí Gbaffo, ó kọ̀ láti gba owó ọkọ̀, ó ní òun lòun gbé ọmọ yìí wá lọ́jọ́ náà, òun náà sì ti bá wa pa irọ́ ọ̀hún. Benoît, ẹ̀gbọ́n Armel, mú wa lọ síbi sàárè. Wọn ò tíì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, koríko ti hù lórí rẹ̀. Rachelle bi Benoît pé ṣé òjò ń wọlé bá pápá. Benoît yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní rárá, ìsàlẹ̀ jìn. Rachelle tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ fún ilẹ̀ pé pápá ẹ má bínú, ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ jù ú. Ó fi etí lélẹ̀, bí ẹni ń gbọ́ èsì. Ó wá fa koríko tu títí ilẹ̀ fi hàn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń bọ̀ nínú ọkọ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ìyá àgbà, màmá tẹ́ ẹ ní ó wà ní Kútọnu ńkọ́, ṣé òun náà ti kú?

Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo búra. Mo ní iṣẹ́ lo ń ṣe. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ní pápá ń ṣiṣẹ́. Mo yọ tẹlifóònù jáde, mo fi ohùn rẹ sí i, mo ní ṣé o gbọ́ ọ, màmá rẹ nìyẹn. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní ohùn pápá náà ṣì wà nínú rẹ̀, òun ti gbọ́ ọ, èyí tó fi kí yín lọ́dún tuntun. Ọmọ náà ló jàre. Láti ìgbà náà, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ní ebi ń pa òun, ó ní òun kò fẹ́ gbálẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ti dárúkọ rẹ, yóò wò mí bí ẹni ń wo òǹtajà tó ti rẹ́ ẹ jẹ rí.

Mo ti ṣe ohun tí o ní kí n má ṣe. Bí o bá fẹ́ bínú, bínú, inú rẹ ni. Ṣùgbọ́n máa bọ̀. Mo fẹ́ tọrọ owó ọṣẹ, owó oògùn ẹsẹ̀ bàbá rẹ, àti owó tí a ó fi lọ Arigbo ní oṣù kẹjọ; mo yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Èyí tí o bá ní lọ́wọ́, fi wọ ọkọ̀. Má fi ohùn ránṣẹ́, má fi ìwé ránṣẹ́, ara rẹ ni kó o gbé wá kó fọwọ́ kàn án. O sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ìdí tí o ò fi lè wá ni pé bó bá rí aṣọ dúdú lára rẹ yóò mọ̀. Wọ aṣọ dúdú rẹ wá, ọmọ mi. Ó ti mọ̀.

Kí ojú títì tó gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ gbé ọ wálé ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Kí ẹkún tí o ń sun nìkan rí ẹni bá ọ sun ún. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a tún pa irọ́ tó wúwo tó báyìí lé ọmọdé lórí mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Gisèle.